Àpò Ìhà fún Ẹni Tó Fẹ́ Dá Gun Máṣìnì Dé Sábẹ̀

Ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, ọ̀wọ́n là ń ra ògo. Òwe tí ọ̀rẹ́ wa obìnrin kan fi dá wa lóhùn nìyẹn nígbà tí a ní kó má ra àpótí alumíníọ̀mù méjì tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ máṣìnì ńlá. Oríkì orílẹ̀ ní Kétu àti Sábẹ̀ ló ń kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lé lórí. Ó fẹ́ gun Bajaj ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Ìbàdàn, kó gba Abẹ́òkúta àti Ìmẹ̀kọ wọ orílẹ̀-èdè Benin, òun nìkan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Owó àpótí yẹn ju owó oúnjẹ àti owó epo rẹ̀ lápapọ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ Yorùbá là ń kọ́, a sì lè fi òwe fèsì òwe tilẹ̀ di ọ̀la, àmọ́ ìṣirò la fi dá a lóhùn lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àpò lásán ni, kó jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọ̀kan nínú wa gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí láti lọ gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu bàbá àgbàlagbà kan. Ó kó aṣọ, ìwé àkọsílẹ̀ àti fóònù tó fi gba ohùn bàbá sílẹ̀ sínú Ghana-must-go, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn máṣìnì, ó ń padà bọ̀. Báàgì náà ń yọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lápá ọ̀tún, kò mọ̀. Ìgbà tó gbóòórùn ọ̀rá tó ń jó, báàgì ti lẹ̀ mọ́ sàlẹ́ńsà, ó ti lu, fóònù ti jábọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Òjò tó rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gba ihò yẹn wọlé, ó sì fọ yíǹkì inú ìwé nù. Bàbá ti kú kó tó rówó padà lọ. Ojú ewé mẹ́rin tó rántí ló kọ sínú àpilẹ̀kọ rẹ̀.

A ò bá Ghana-must-go jà o. Lọ́dún 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ, òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ Gánà kó ẹrù wọn sí, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ. Ṣùgbọ́n àpò tí à ń jù sẹ́yìn lọ́rì ni. Síìpù rẹ̀ kì í pẹ́ já, omi ń wọ̀ ọ́, kò sì ní ibi tí okùn ti lè dì í mú.

Ká padà sọ́dọ̀ àpótí. Ó dára lóòótọ́: ó ṣeé tì, òjò kì í tètè wọ̀ ọ́, èèyàn tilẹ̀ lè jókòó lé e jẹun. Ó kàn jẹ́ pé méjì rẹ̀ pẹ̀lú irin tó gbé wọn dúró lè tó kílò 15 kó tó di pé ẹ̀wù kan wọ inú rẹ̀. Lórí máṣìnì kékeré bíi Boxer, ìyẹn kì í ṣe ẹrù kékeré. Bí máṣìnì bá sì yọ̀ ṣubú nínú yanrìn, tí ẹsẹ̀ há sábẹ́ àpótí líle, egungun ló máa gba ìyà rẹ̀. Àpò rírọ̀ máa ń fún èèyàn láyè díẹ̀. Ẹ̀yin kan máa dárúkọ Kúnlé Adéyanjú, tó gun máṣìnì láti London dé Èkó fún ọjọ́ 41 lọ́dún 2022 nítorí àrùn rọpárọsẹ̀. A kan sáárá sí wọn. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni wọ́n gbà kọjá, máṣìnì wọn sì lágbára ju tiwa lọ. Ọ̀nà Ìmẹ̀kọ ni tiwa.

Ohun tí a ṣe ni pé a ra tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù tírélà, a gbé e fún bàbá kan tó ń rán ìbòrí ọkọ̀. Wọ́n rán àpò méjì, wọ́n fi aṣọ fífẹ̀ so wọ́n pọ̀ kí ó lè gùn orí ìjókòó bíi gàárì ẹṣin, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. (A pè é ní àpò ìhà. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.) A ní kí wọ́n má fi síìpù sí i, torí yanrìn kì í jẹ́ kí síìpù pẹ́. Ẹnu rẹ̀ gùn, èèyàn á ká a lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dè é. Ẹnìkan nínú wa ṣì ń sọ pé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì tí a gé lórí ì bá tó, òun sì tọ̀nà tó bá jẹ́ owó nìkan là ń wò. Àmọ́ oòrùn máa ń mú kẹ́ẹ̀gì gbẹ títí táá fi sán, kẹ́ẹ̀gì tí a sì rí nílé, òórùn epo pupa ò kúrò lára rẹ̀.

Ibi tí a ò ti gbà kó ṣahun ni irin. Wẹ́dà gbọ́dọ̀ jó irin tí kò ní jẹ́ kí àpò kan táyà tàbí sàlẹ́ńsà. Ká ní irin yẹn wà lọ́nà Ṣakí ni, oríkì bàbá ì bá ṣì wà lọ́wọ́ wa. A ò fẹ́ okùn oníróbà tó ní ìkọ́ lẹ́nu, torí ìkọ́ yẹn lè ta síni lójú. Túùbù àtijọ́ tí fọganáísà gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ń di ẹrù mú jù ú lọ, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ àpò ni, kó sún mọ́ ẹni tó ń gùn ún, kí ìhà méjèèjì sì dọ́gba. Lẹ́yìn kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́, kó dúró tún okùn fà. Ohun tí omi ò gbọ́dọ̀ kàn á wọ ọ̀rá méjì, bó ti wù kí tapólì náà nípọn tó, ẹ̀dà ohùn tó bá gbà sílẹ̀ á sì wà lára rẹ̀, kì í ṣe lára máṣìnì.

Nítorí pé òun nìkan ló ń lọ, kò sẹ́ni tó máa bá a ṣọ́ ẹrù tó bá wọ agbo ilé kan lọ kí àwọn àgbà. Ìdí nìyẹn tí àpò náà fi ń tú pẹ̀lú ìdè méjì péré. Á gbé e lé èjìká wọlé, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á sì kúnlẹ̀. Báàgì ẹ̀yìn kò jẹ́ kéèyàn kúnlẹ̀ dáadáa; ẹni tó bá ti gbìyànjú rẹ̀ mọ ohun tí à ń wí.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa gbéra. Ó ti di ẹrù sínú àpò ìhà, ó ti gùn ún dé Mọ́níyà, ó padà, kò sì ṣí nípò. Àwòrán àpótí alumíníọ̀mù yẹn ṣì wà lójú fóònù rẹ̀ ṣá.