Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, tàbí tó ń rí ohun tí ẹlòmíì kò rí. Kíá la máa ń pè é ní wèrè, tí a ó sì kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà tó gbà débẹ̀ ńkọ́?

Ẹ wo ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tó ń rí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n wọ aṣọ aláràbarà, tí wọ́n jókòó sórí ẹní rẹ̀ láìfọhùn. Bí ẹ bá bi í, yóò ní òun mọ̀ pé wọn kì í ṣe ènìyàn. Ojú ló ń ṣe é, orí rẹ̀ pé. Láti 1760 ni Charles Bonnet ará Geneva ti kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ nípa bàbá rẹ̀ àgbà.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀mùtí paraku tó dá ọtí dúró lójijì. Ní bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó, ó ń gbọn kòkòrò tí kò sí níbẹ̀ kúrò lára. Ẹ má gbé ìyẹn gun orí òkè àdúrà o. Ó lè kú. Ilé ìwòsàn ni ẹ gbé e lọ, lọ́jọ́ náà gan-an. Ti imú náà wà: òórùn rọ́bà tó ń jó, tí ẹnìkan ṣoṣo ń gbọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lè jẹ́ wárápá.

Ohùn pàápàá jura wọn lọ. Opó tó gbọ́ tí olóògbé ọkọ rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Ẹni tí oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé lọ tó gbọ́ ìpè kò ya wèrè. Àmọ́ ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ ohùn ènìyàn méjì lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, “Ó ti ń wọ bàtà, ó fẹ́ jáde,” ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀, oníṣègùn ọpọlọ ló yẹ kó rí i. Èyí tó léwu jù ni ohùn tó ń pàṣẹ pé kó pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì. Ẹ bi í léèrè. Ìbéèrè kì í gbin èrò ikú sọ́kàn ènìyàn.

Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ó jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí máa bá aláìsàn gbé níbẹ̀. Ará ilé ló mọ ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, oògùn tí aláìsàn ń lò àti bó ṣe ń sùn. Ẹ fara balẹ̀ bi aláìsàn náà: ṣé etí ni àbí ojú? Ọ̀sán ni àbí òru? Kí ni ohùn náà ń sọ? Ìdáhùn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé tọ dókítà lọ, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ wèrè.