Ka Ìlà Cron Sókè Kí O Tó Fi Í Lé Ẹ̀rọ Lọ́wọ́

Àwọn baba wa a máa wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Kọ̀ǹpútà kò mọ irú ìyẹn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún un, àbọ̀ ni yóò wà títí. Bí a bá sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ, àṣìsọ náà gan-an ni yóò fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe.

Cron ni orúkọ ètò tí ń mú kí kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a dá fún un, láìsí ènìyàn nítòsí. Láti àwọn ọdún 1970 ni ó ti wà nínú Unix. Ìlà kan ṣoṣo ni à ń kọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àyè márùn-ún ni ó sì ṣáájú nínú ìlà náà: ìṣẹ́jú, láti 0 dé 59, wákàtí, láti 0 dé 23, ọjọ́ inú oṣù, oṣù, àti ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, níbi tí 0 ti jẹ́ Ọjọ́ Àìkú. Àmì ìràwọ̀ dúró fún "gbogbo". Nítorí náà, 30 6 * * 1 ni aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, ní gbogbo Ọjọ́ Ajé.

Àwọn kan ń sọ pé kò sí ìdí láti kọ́ èyí, nígbà tí a lè da ìlà ẹlòmíràn kọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ojú mi ti rí i. Ní ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, èmi ni mo ṣètò àtẹ̀jíṣẹ́ tí yóò máa rán àwọn òbí létí owó ilé ìwé ní aago méje òwúrọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù. Mo kọ * 7 1 * *. Ìràwọ̀ tí ó wà ní àyè ìṣẹ́jú kò bá mi ṣeré: ìgbà ọgọ́ta ni fóònù òbí kọ̀ọ̀kan dún kí aago mẹ́jọ tó lù. Bàbá kan tí kò jẹ wá ní kọ́bọ̀ wá bèèrè lọ́wọ́ mi, níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, bóyá mo rí i bí onígbèsè. Ká ní mo ti ka ìlà náà sókè ní èdè Yorùbá ni, "gbogbo ìṣẹ́jú, nínú wákàtí keje", etí mi ìbá ti gbọ́ àṣìṣe náà. Òdo ni ó yẹ kí n fi síbẹ̀.

Ibì kan wà tí kíkà sókè pàápàá lè tàn wá. Ẹni tí ó kọ 0 7 13 * 5 rò pé Ọjọ́ Ẹtì tí ó bọ́ sí ọjọ́ kẹtàlá nìkan ni òun ń wí, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ kẹtàlá àti gbogbo Ọjọ́ Ẹtì ni cron yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Ọjà ọrọọrún ńkọ́? Bí a bá kọ */4 sí àyè ọjọ́ inú oṣù, yóò mú ọjọ́ 1, 5, 9, títí dé 29. Ó jọ pé ó ti bá ìkà ọjà wa mu, ṣùgbọ́n bí oṣù tuntun bá ti wọlé, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti 1, ọjọ́ ọjà yóò sì yẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọjà rìn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí cron pe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, kí ó sì fi ìkà ọrún sínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.