Ta Ni Ọ̀dọ́ Yóò Fọ̀rọ̀ Lọ̀ Nínú Ilé?

Gbólóhùn kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ Yorùbá tí a kò sọ ọ́ sí létí rí: "Ṣé èmi ni ò ń dá lóhùn?" Kì í ṣe ìbéèrè, nítorí kò sí àgbà tí ń retí èsì rẹ̀. Bí ó bá ti bọ́ lẹ́nu bàbá báyìí, ọmọ yóò dorí kodò, yóò sì gbé ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n ní àwọn agboolé Òkè-Agbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀rọ̀ tí ọmọ gbé mì bẹ́ẹ̀ kì í kú sí i nínú láyé àtijọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni yóò gbé e lọ. Bí ìyá ti ń ṣa obì tàbí tí ó ń sẹ́ gàrí, ọmọ yóò sọ tẹnu rẹ̀ tán. Tí ó bá sì di alẹ́, ìyá àgbà ni yóò bá a tú u palẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Àṣà tí ó pa ọmọ lẹ́nu mọ́ níbì kan ni ó tún là á lẹ́nu níbòmíràn.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń wádìí ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ara. Ní ọdún 2010, Leslie Seltzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, kó ọmọbìnrin 61 jọ, láti ọmọ ọdún 7 títí dé 12. Wọ́n ní kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì ṣe ìṣirò níwájú àwọn àjèjì, títí àyà wọn fi ń já. Lẹ́yìn náà, ìyá àwọn kan gbá wọn mọ́ra. Àwọn kan gbọ́ ohùn ìyá wọn lórí tẹlifóònù. Àwọn yòókù wo fíìmù lásán. Ìtura àwọn tó gbọ́ ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn tí a gbá mọ́ra dọ́gba: cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìpayà, wálẹ̀. Ní 2012, wọ́n jẹ́ kí ìyá kọ ọ̀rọ̀ ìtùnú ránṣẹ́ sójú kọ̀ǹpútà. Kò ràn án. Cortisol ọmọ tó ka ìtùnú kò yàtọ̀ sí ti ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀.

Kí òbí tí iṣẹ́ gbé lọ sí Èkó, tí ó fi ọmọ sílẹ̀ ní Òkè-Agbò, fi èyí sọ́kàn. "Mo ti fi owó ránṣẹ́" tí a tẹ̀ sórí fóònù dára, owó kì í kúkú ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn.

Ti ọ̀dọ́ tún wá yàtọ̀ díẹ̀. Ní 2022, Daniel Abrams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Stanford tẹ̀ jáde pé, ní bí ọmọ ọdún 13, ọpọlọ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayọ̀ gba ohùn àjèjì ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń pè ní agídí nìyẹn! Àwọn baba wa ti ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Agboolé sì kún fún ohùn mìíràn: ìyàwó ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá, ìyá àgbà. Lónìí tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti fọ́n ká, ọmọ yóò ṣì wá ohùn mìíràn náà kiri, inú fóònù ni yóò sì ti rí i.

Ọ̀rọ̀ náà kan ọkàn pẹ̀lú. Ní 2014, Gregory Miller àti Gene Brody ròyìn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ 272 ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 11, a fi ọ̀sẹ̀ 7 kọ́ ìdajì àwọn ẹbí náà bí òbí àti ọmọ ṣe ń bára wọn gbé. Nígbà tí àwọn ọmọ di ọmọ ọdún 19, a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò: àmì pé ara ń gbóná lábẹ́lẹ̀, èyí tí ń ba ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ bó bá pẹ́, kéré lára àwọn tí ẹbí wọn gba ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ 7 péré!

Àwọn àgbà kan yóò ní àṣà òyìnbó tí ń ba ọmọ jẹ́ nìyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kí àwọn òbí Georgia jọ̀wọ́ ìjánu. Òfin ilé àti ìṣọ́ra wà nínú ohun tí wọ́n kọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nílé bàbá ní Òkè-Agbò. Èyí tí a kò ní mọ́ ni ìyá àgbà tí ń sẹ́ gàrí lẹ́yìnkùlé, tí ó sì ń gbọ́.