Ọmọ tó mọ eré sá, SS1 ni kó ti kọ̀wé sí kóòṣì

Ìgbà tí ọmọ bá ṣe WAEC tán ni ọ̀pọ̀ òbí ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè pé, "Ṣé ọmọ mi tó mọ eré sá yìí kò lè rí yunifásítì tó máa gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà ni?" Ó lè rí i. Àmọ́ ìbéèrè yẹn ti pẹ́ jù, ó sì ń dùn mí, torí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn yá kò wọ́n lágbègbè wa.

Ìjẹ̀bú-Òde ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí ni wọ́n bí eléré sísá Tobi Amusan sí. Ó gba wúrà ní All-Africa Games ní Brazzaville lọ́dún 2015. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọ yunifásítì ní El Paso, ní Texas. Nígbà tó di 2017, òun ló gba ipò kìíní láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ń fo igi ìdènà. Ní July 2022, ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ló fi sá a, ohun tí obìnrin kankan kò ṣe rí ṣáájú ọjọ́ náà. Falilat Ogunkoya, ọmọ Ògùn bákan náà, ti gba yunifásítì Mississippi State kọjá kó tó gba idẹ ní Òlíńpíìkì Atlanta lọ́dún 1996.

NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, ti fi ọjọ́ lélẹ̀. Nínú eré sísá àti ọ̀pọ̀ eré mìíràn, June 15 lẹ́yìn ọdún tó bá SS1 tiwa mu ni kóòṣì ti lè máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa gbígbà á. Ọmọ fúnra rẹ̀ lè kọ̀wé kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tó bá dúró títí SS3 fi parí, àwọn kóòṣì ti ń bá ọmọ ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ láti ọdún méjì.

Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ gùn: orúkọ, ilé ìwé, iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi sáré, ibi tó ti sá a àti ọjọ́ tó sá a, fídíò kan, èsì ìdánwò. Ọjọ́ orí tòótọ́ ni kó wà níbẹ̀. Ẹ má gé e. Àkókò tí tíṣà géèmù fi fóònù kà kò tó kóòṣì í gbẹ́kẹ̀ lé, èyí tí ẹ̀rọ kà níbi ìdíje ni wọ́n ń fẹ́. Ìjọba Ògùn tó gbàlejò Gateway Games, ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà, ní May 2025 jẹ àwọn ọmọ wa ní gbèsè níbí yìí: ẹ ṣí pápá MKO Abiola ní Kútọ̀ fún ìdíje àwọn ilé ìwé ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ lè ka àkókò wọn.

Ẹ̀kọ́ ìwé náà ṣe kókó. Ìpele kìíní NCAA ń béèrè iṣẹ́ ẹ̀kọ́ 16, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà nínú wọn, pẹ̀lú máàkì 2.3 nínú 4. Ẹ tọ́jú èsì gbogbo táàmù láti JSS3.

Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó fi yín mọ kóòṣì, ẹ má dá a lóhùn. Ímeèlì àwọn kóòṣì wà lórí ìkànnì yunifásítì wọn, ẹnikẹ́ni ló lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin tíṣà géèmù, ẹ jọ̀ọ́, kí táàmù kẹta SS1 tó parí, ẹ jókòó ti ọmọ náà kẹ́ ẹ jọ kọ lẹ́tà yẹn.