Ta Ni Yóò Yin Òǹkọ̀wé Yorùbá?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní yinniyinni, kẹ́ni ó ṣe mí-ìn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àwọn òǹkọ̀wé la gbé wá lónìí.

Ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tó lókìkí jù ní Nàìjíríà ni èyí tí ilé-iṣẹ́ NLNG dá sílẹ̀ ní 2004. Ẹni tó bá borí ń gba $100,000. Ìtàn àròsọ, ewì, eré onítàn àti ìwé àwọn ọmọdé ló ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn lọ́dọọdún. Ẹ̀bùn Lítíréṣọ̀ Nàìjíríà ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ìwé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ni wọ́n fi ń díje. Tádé Ìpàdéọlá, ọmọ Yorùbá, gbà á ní 2013 fún ewì tó kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, a sì bá a yọ̀. Ká ní Yorùbá ló fi kọ ewì náà ńkọ́? Wọn kò ní gbà á wọlé.

Àwọn kan á ní owó kọ́ ló ń kọ̀wé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá kọ ìtàn àròsọ Yorùbá lónìí, àpò ara rẹ̀ ló máa ń fi tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ni yóò sì gbé e kiri láti tà á. Bí WAEC kò bá yàn án fún ìdánwò, ta ni yóò rà á?

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ẹ̀bùn tí Yorùbá nílò jù ni èyí tí yóò gba àfọwọ́kọ, tí yóò sì sọ ọ́ di ìwé. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Olùkọ́ ilé-ìwé ni D. O. Fágúnwà nígbà tó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún ìdíje kan tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní 1936. Ìwé náà jáde ní 1938, a ò sì tíì kà á tán títí dòní. Ìdíje kan péré ló bí i!

Àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà náà ti rí i ṣe. Láti 2014 ni ẹ̀bùn kan ti wà fún ìwé Kiswahili, èyí tí Lizzy Attree àti Mukoma wa Ngugi dá sílẹ̀. Wọ́n ń gba àfọwọ́kọ, wọ́n sì ń bá ẹni tó borí tẹ̀ ẹ́ jáde.

Wọ́n lè bi wá pé èdè Nàìjíríà pọ̀ rẹpẹtẹ, èwo ni kí wọ́n mú? Bí oríṣi lítíréṣọ̀ mẹ́rin ṣe ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, kí àwọn èdè náà máa gbà á: Yorùbá lọ́dún yìí, Haúsá lọ́dún tó ń bọ̀, kó kan Ìgbò, kó kan Tiv. Tó bá jẹ́ adájọ́ ni wọ́n ń wá, wọ́n wà ní Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó àti Ìlọrin.

Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ Àtẹ́lẹwọ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti dá ìdíje sílẹ̀ fún lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti ń gbowó oṣù nílé àti lókè òkun, a kò bèèrè $100,000 lọ́wọ́ yín. Ẹ dá owó tí yóò tẹ ìwé kan ṣoṣo lọ́dún, kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yorùbá fi àfọwọ́kọ díje fún un. Kí ẹ sì ra ẹ̀dà díẹ̀ fún ilé-ìwé girama tí ẹ ti jáde.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ jẹ́ ká múra. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ìtàn tó wà nínú fóònù yín yẹn, ẹ parí rẹ̀, ẹ fi àmì sí i dáadáa. Ọjọ́ tí wọ́n bá pe ìdíje, kí wọ́n má bá wa lórí ìbùsùn.