Bàálù Tó Gbé Òkú Àgàgù: Ẹ Yé Pè É Ní Àmúwá Ọlọ́run

Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bàálù tó já lulẹ̀ l'Ékòó lọ́jọ́ 3 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2013, bá délẹ̀, àwọn kan a máa sọ pé òkú ló kọ̀ tí kò fẹ́ wálé. Àwọn mìíràn á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi kò fara mọ́ ọn, n kò sì rò pé ó yẹ kí ará Ọ̀wọ̀ tàbí Ọ̀sẹ̀ kankan fara mọ́ ọn. Pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ tí bàálù náà ń bọ̀ wá bà sí, ẹ̀bá títì Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ ló wà. Òun náà ni pápákọ̀ tiwa; ibẹ̀ ni ọmọ Ìfọ́n tó bá wọ bàálù wálé máa ń sọ̀ sí.

Òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Àgàgù, ẹni tó ṣe gómìnà Oǹdó láti 2003 sí 2009, ni bàálù kékeré Embraer ti Associated Airlines gbé. Ẹni 20 ló wà nínú rẹ̀, 16 sì bá a lọ, tó fi mọ́ Dèjì Fálaè, kọmíṣọ́nnà fún àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́. Ìrìn náà kò pé ìṣẹ́jú kan lófuurufú.

Kí ni àjọ AIB tó ṣèwádìí rẹ̀ rí? Àwọn awakọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń kọ wọ́n lóminú nínú bàálù náà kí wọ́n tó gbéra. Bàálù kò tíì sáré ju ìṣẹ́jú-àáyá 4 lọ tí ohùn ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí kígbe pé ìyẹ́ kò sí ní ipò tó yẹ fún gbígbéra. Igbe náà kò dáwọ́ dúró, kò sì jọ pé ó ya àwọn awakọ̀ lẹ́nu. Àmì hàn pé abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọwọ́ ọ̀tún kò yí bó ṣe yẹ. Síbẹ̀ wọ́n ń sáré lọ, wọ́n sì gbé imú rẹ̀ sókè kí eré rẹ̀ tó tó.

Ẹ wo ọkọ̀ ojú omi tí ẹni méjì ń wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí ti ọ̀tún bá dẹwọ́, ọ̀tún ni ọkọ̀ yóò máa yà sí. Bẹ́ẹ̀ ni bàálù oní-ẹ́ńjìnnì méjì. Ìtọ́kọ̀ tó wà nírù rẹ̀ lè dá a padà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá lára rẹ̀ ló fún un lágbára. Bí eré bá kéré, ìtọ́kọ̀ kò níṣẹ́ tó lè ṣe. Ìdí nìyí tí òfin fi wà pé, kí eré tó dé ìwọ̀n kan, bí nǹkan bá ṣe ségesège, kí a tẹ bíréèkì. Ilẹ̀ ṣì wà lábẹ́ táyà nígbà náà. Ta ni Ọlọ́run dí lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì?

Ẹnìkan á ní kí n má fòkú ṣẹ̀sín. N kò fòkú ṣẹ̀sín o. AIB náà kò dúró lórí àwọn awakọ̀ nìkan: ó dárúkọ àṣà iṣẹ́ tí kò dára nílé iṣẹ́ náà, àti àmójútó ìjọba tí kò tó. Alààyè ni àwọn wọ̀nyẹn. Nígbà tí a bá sì ní Ọlọ́run ló ṣe é, àwọn là ń gbà sílẹ̀.

Ó ṣe tán, oṣù 16 péré ṣáájú ni bàálù Dana pa gbogbo ẹni 153 tó wà nínú rẹ̀, láìka àwọn tó wà nílẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgá. Ẹ́ńjìnnì kan ti dákẹ́ lójú ọ̀nà, wọn kò bà sí pápákọ̀ tó súnmọ́ wọn. Ìwà kan náà ni: a ti gbéra, a gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Ìsìnkú ẹni ńlá ṣì ń bọ̀, wọn yóò sì tún háyà bàálù wá sí Àkúrẹ́. Kí NCAA tẹ àbájáde àyẹ̀wò bàálù háyà kọ̀ọ̀kan jáde ní gbangba, kí wọ́n sì fi ìyà jẹ ilé iṣẹ́ tó bá bínú sí awakọ̀ tó ní òun kò gbéra. Kí ẹbí olóòkú náà béèrè ìwé àyẹ̀wò kí wọ́n tó gbé pósí wọlé. Bí awakọ̀ bá ní ó di ọ̀la, kí àwọn àlejò lọ sùn.