Ẹ Ha Abẹ́ Ọkọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Wá Gbowó Lọ́wọ́ Wa

Tatonnonkon ni àwa tí à ń kọ èyí wà. Ọ̀rọ̀ wa lè korò díẹ̀, ẹ fojú ọ̀rẹ́ wò ó.

Àwọn ọmọ wa mélòó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó dáwó jọ, wọ́n ra ògbólógbòó ọkọ̀ onígbòkun kan, irú èyí tí wọ́n fi ń rin ìrìn afẹ́, tó ní ibi ìsùn àti ibi ìdáná nínú. Wọ́n ń bá ẹgbẹ́ kan sá eré lórí ọ̀sà. Ìkẹyìn ni wọ́n ń dé. Ní báyìí wọ́n ránṣẹ́ sílé pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan dáwó kí wọ́n lè ra ọkọ̀ tó yá ju èyí lọ, nítorí orúkọ ìlú wa ni wọ́n kọ sára rẹ̀. A ò fara mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé a kórìíra eré náà. Àwọn kan ń sọ pé kí ló kan àgbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi. Irọ́ ni. Omi kan náà ló lọ láti Àjàṣẹ́ dé Àgbádárìgì títí dé Èkó, òun ló sì so wá pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ààlà sáàárín wa. Ní Ganvié, lórí ọ̀sà Nokoué, àwọn apẹja ń rán àpò pọ̀ ṣe ìgbòkun, afẹ́fẹ́ òkun sì ń gbé wọn lọ. Lagos Yacht Club ti wà ní Èkó láti ọdún 1932. Bí ọmọ wa bá gba ipò kìíní, àwa ni a ó kọ́kọ́ lu ìlù.

Ohun tí a ń sọ ni pé àìlówó kọ́ ló ń mú wọn kẹ́yìn.

A ní kí ẹni méjì nínú wa tó ń lọ sí Èkó yà wò ó. Abẹ́ ọkọ̀ náà ti hu ewé, ó ń yọ̀, ìkarahun kéékèèké sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó wọ agbádá tó rin gbingbin sáré. Ìdákọ̀ró méjì ló wà níwájú pẹ̀lú ṣéènì gígùn. Sílíńdà gáàsì wà nínú, ìkòkò wà níbẹ̀, àpò gàrí náà wà níbẹ̀. Àgbá omi sì kún dẹ́nu. Lítà omi kan, kílò kan ni. Lítà 150 jẹ́ àgbàlagbà méjì tó sùn sínú ọkọ̀ tí wọn ò fọwọ́ kan okùn. Ta ló ń gbé ẹbí rẹ̀ tó ń sùn lọ síbi eré?

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀, ẹ ha abẹ́ rẹ̀ kó máa dán. Ẹ kó ẹrù tí kò wúlò kúrò. Èyí tí òfin eré ní kó wà, ẹ gbé e sí àárín, kì í ṣe iwájú tàbí ẹ̀yìn. Ẹ fa okùn ìgbòkun le kó má ṣe wú bí ikùn. Ẹ so fọ́nrán òwú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì: bí méjèèjì bá ń fẹ́ sẹ́yìn gbọọrọ, afẹ́fẹ́ ń ṣiṣẹ́, bí ọ̀kan bá ń jó kiri, ẹ tún un ṣe. Ẹ sì dé ojú ìlà nígbà tí wọ́n bá fọn fèrè. Wọ́n ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn fèrè ni tiyín máa ń gbéra. Èwo nínú ìwọ̀nyí ló nílò owó epo pupa ìyá wa?

Ẹ ó ní ọkọ̀ yín kò yá. Òótọ́ ni. Gígùn ọkọ̀ ló ń pinnu púpọ̀ nínú eré rẹ̀. Irú ọkọ̀ yín, bó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 25 lójú omi, agbára káká ni yóò fi kọjá nǹkan bíi kìlómítà 12 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n àwọn eléré mọ èyí, wọ́n sì ní ìṣirò fún un. Ti ilẹ̀ Bìríténì tí wọ́n ń pè ní Portsmouth Yardstick rí báyìí: ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ọkọ̀ tó bá lọ́ra ni nọ́ńbà rẹ̀ ń pọ̀. Ẹ sọ àkókò tó lò di ìlọ́po 1000, kí ẹ fi nọ́ńbà náà pín in. Ọkọ̀ oní-1000 lo ìṣẹ́jú 60: 60 náà ni. Ọkọ̀ oní-1200 lo ìṣẹ́jú 70: ó di 58 àti díẹ̀. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló jẹ! Bí ẹ bá ra ọkọ̀ tó yá, nọ́ńbà yín yóò wálẹ̀. Ẹ ó ti náwó, ẹ ó tún kẹ́yìn, nítorí ọwọ́ tó tọ́ ọkọ̀ kò yí padà.

Ẹ rántí ibi tí owó náà ti ń wá. Àgbàdo ni, epo ni, ẹ̀gẹ́ ni. Bí òjò bá dé, ẹ mọ bí amọ̀ ilẹ̀ wa ṣe ń di táyà zem mú. Afárá kékeré ọ̀nà oko kan ti já láti ọdún tó kọjá, àwọn obìnrin ń fi ẹrù lórí la omi kọjá. Kí a fò ó ká lọ ra ọkọ̀ eré?

Àdéhùn wa rèé. Ẹ ṣe gbogbo ohun tí a kà yìí, kí ẹ sá eré mẹ́ta. Ẹ kọ àkókò yín sílẹ̀, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Bí ìgbòkun bá ti gbó kọjá àtúnṣe, a ó rí i nínú àkókò yín, àwa fúnra wa ni a ó gbé igbá ìdáwó kiri ilé. Ṣùgbọ́n títí dìgbà náà, afárá la ó ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín in kó dé ọ̀dọ̀ wọn.